Ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo lórí àwọn òkè Ìbàdàn: èwo ni kí á kọ́kọ́ gùn?

Adùnní_Yábàá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mò ń bọ̀ ní Ìbàdàn ní Sátidé tó ń bọ̀, èmi, bàbá mi àti àwọn ọmọ mi méjì. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, àbúrò jẹ́ ọmọ ọdún méje. Ọkọ̀ ojú irin la máa wọ̀ láti Yábàá dé Mọ́níyà. A ní ìnáwó kan ní Bódìjà tí a lè kúrò níbẹ̀ ní aago mẹ́ta ààbọ̀, a ó sì padà sí Èkó lọ́jọ́ kejì. Ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo la ní.

Torí bàbá mi ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ọmọ Òkè Ààrẹ ni wọ́n. 1978 ni wọ́n ti fi Ìbàdàn sílẹ̀ lọ sí Kàdúná, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti bọ́ sí Èkó. Bí wọ́n bá tilẹ̀ wá, òkú tàbí ìgbéyàwó ni wọ́n máa ń wá ṣe, ọjọ́ náà ni wọ́n sì ń padà. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni wọ́n báyìí, orúnkún sì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti ń ròyìn fún àwọn ọmọ mi bí wọ́n ṣe máa ń gun Layípo, ilé gogoro orí Òkè Ààrẹ, tí wọ́n bá jáde ilé ìwé, tí wọ́n á dúró lókè, tí wọ́n á máa wo àwọn tó ń kọ́ Cocoa House ní Dùgbẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Àwọn ọmọ wá ní àfi kí àwọn náà rí i.

Màpó, Òkè Ààrẹ àti Mọ́kọ́lá ni mo ní lọ́kàn. Èwo ni kí á kọ́kọ́ dé? Ṣé a lè dé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ilẹ̀ tó ṣú? Ṣé bàbá lè gun Layípo? Ọkọ̀ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí ẹ bá mọ̀, ẹ má fi pamọ́.

Mẹ́sìọ̀gọ̀_Àgbà

Adùnní, ọmọ mi, ẹ káàbọ̀ sílé o. Kí bàbá náà kú ojú lọ́nà ilé.

Màpó ni kí ẹ fi ṣáájú. Ẹ jẹ́ kí oòrùn wọ̀ lójú yín lórí Òkè Ààrẹ. Lẹ́yìn ìyẹn kí ẹ wá lọ sí Mọ́kọ́lá lọ wo iná ìlú. Bí ẹ bá yí i padà, nǹkan kan á bọ́ lọ́wọ́ yín. Oṣù Kọkànlá la wà yìí, oòrùn kì í pẹ́ẹ́ wọ̀: aago mẹ́fà ààbọ̀ ni. Ní oṣù Keje ó máa ń kọjá aago méje díẹ̀, ṣùgbọ́n báyìí kò sí àyè bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ wa kì í sì í bá èèyàn fa ọ̀rọ̀ lọ títí. Bí oòrùn bá ti wọ̀, kò ní tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí òkùnkùn á fi bo gbogbo ibẹ̀.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Màpó ni pé mọ́tò á gbé yín dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngán ìlú tó wà lórí òkè náà gan-an. Bàbá kò ní í fi ẹsẹ̀ gun ohunkóhun. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, ó fẹ̀, ẹ lè rìn yí gbọ̀ngán náà ká wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, gbogbo ìhà tí ẹ bá sì kọjú sí, òrùlé ni ẹ máa rí. Páànù tó ti dógùn-ún, ọ̀kan lórí èkejì, láti ìsàlẹ̀ Ọjà'ba títí ojú á fi sú. Bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá wá tàn sí i, àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú yẹn á yí padà bí epo tuntun tó wà lórí iná. Mo ti dé ìlú púpọ̀, n kò rí irú rẹ̀.

Kí ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngán náà. Òyìnbó kan, Robert Jones, tí àwọn ará ìlú ń pè ní Taffy, ló ṣe kòkáárí kíkọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ilé ìgbìmọ̀ ìlú wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibẹ̀ sì ni ohùn Adégòkè Adélabù ti ń dún nígbà tó ń ṣe alága ìgbìmọ̀. Àwọn tó bí wa máa ń sọ pé bí Adélabù bá ń sọ̀rọ̀ ní Màpó, àwọn ìyálọ́jà Ọjà'ba á pa ọjà tì. Lónìí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ìwúyè Olúbàdàn. Ọba Ládọjà ló ṣe tirẹ̀ níbẹ̀ ní 2025.

Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀rù fún yín ní Màpó: Sátidé ni. Wọ́n lè ti gba gbọ̀ngán náà fún ìnáwó, kí mọ́tò kún iwájú rẹ̀ fọ́fọ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má bínú, ẹ kàn gba ẹ̀gbẹ́ kọjá sí ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ló tilẹ̀ dára jù láti wo ìlú.

Dẹ̀rẹ́bà_Máíkrà

Àǹtí, ẹ kú ìmúra. Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí mo ti ń wa ọkọ̀ ní ìlú yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Ẹ má wọ ọkọ̀ èrò láti Bódìjà. Ẹ gba máíkrà, takisí kékeré, ní dírọ́ọ̀pù kó lè jẹ́ tiyín nìkan, kí ẹ sì bá awakọ̀ náà sọ ọ́ parí kí ẹ tó jókòó sínú rẹ̀: Màpó, Òkè Ààrẹ, Mọ́kọ́lá, kó sì dúró dè yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ iye wákàtí tí ẹ fẹ́ lò. Bí ẹ kò bá sọ owó ìdúró yanjú, tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ láti Layípo, ẹ lè rí i pé awakọ̀ ti gbé èrò míì lọ. Ìdajì owó ni kí ẹ fún un ní Màpó, ìyókù di ìgbà tó bá gbé yín dé ibi tí ẹ máa sùn.

Kẹ̀kẹ́ kò dáa fún yín. Èèyàn mẹ́rin pẹ̀lú àgbàlagbà, àwọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lójú ọ̀nà Òkè Ààrẹ yẹn á mú un mí gúlegúle. Ọ̀kadà, ẹ má tilẹ̀ dábàá rẹ̀. Kí ẹ sì wo táyà ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ wọ̀, kí ẹ bi awakọ̀ bóyá bíréèkì rẹ̀ dára. Kì í ṣe àfojúdi. Awakọ̀ gidi kò ní í bínú sí i, torí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òkè kò dà bí ọ̀rọ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀. Gígùn ún kọ́ ni ìṣòro, sísọ̀ kalẹ̀ ni.

Ọ̀nà ńkọ́? Láti Bódìjà, ẹ gba Àgódì bọ́ sí Bẹẹrẹ, ẹ máa rí Màpó níwájú yín. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Bẹẹrẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní bí aago mẹ́rin ààbọ̀, torí náà ẹ tètè kúrò ní òde. Ẹ jẹ àsè yín kíá.

Nọ́ọ̀sì_Adétutù

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí orúnkún bàbá. Iṣẹ́ mi ni, àwọn àgbàlagbà bíi tiwọn ni mò ń tọ́jú.

Àtẹ̀gùn mẹ́tàdínláàádọ́ta ló wà ní Layípo. Kò pọ̀ bó bá ṣe pé ó lọ tààrà. Ṣùgbọ́n ńṣe ló ń yípo bí ìkarahun ìgbín, ibẹ̀ ni orúkọ yẹn ti wá. Àtẹ̀gùn tó bá ń yípo máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ lápá kan, ó sì máa ń fẹ̀ lápá kejì. Àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn kì í rí ibi fi gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ lápá inú. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì mọ̀ ni pé gígòkè kì í pa orúnkún lára tó sísọ̀ kalẹ̀. Èèyàn lè gòkè kó dùn mọ́ ọn, kó wá dé òkè kó má lè sọ̀ mọ́.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Lọ́la, ẹ jẹ́ kí wọ́n gun àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Yábàá lọ sókè, kí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láìsinmi. Bí wọ́n bá ń fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ṣíwájú ní gbogbo ìgbà, tàbí tí wọ́n ń di ògiri mú kí wọ́n tó lè sọ̀, Layípo kò yẹ wọ́n. Bó bá dùn wọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà, kò yẹ wọ́n bákan náà. Bí kò bá sí ìkankan nínú méjèèjì, kí ẹnì kan tó lágbára máa lọ níwájú wọn nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn. Iwájú ni wọ́n lè ṣubú sí.

Bàtà tó ní ìdì lẹ́sẹ̀ ni kí wọ́n wọ̀, kì í ṣe sálúbàtà. Kí ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n lo oògùn ìrora kí wọ́n lè gun òkè. Ìrora yẹn ló ń sọ fún wọn ibi tí ó yẹ kí wọ́n dúró.

Ayàwòrán_Sángo

Ẹ̀yin ń bọ̀ ní àsìkò tó dára gan-an. Òjò ti ń palẹ̀ mọ́, ọyẹ́ kò sì tíì dé. Bí ọyẹ́ bá dé ní Oṣù Kejìlá, eruku Sàhárà á bo gbogbo ìlú, ẹ máa gun òkè lásán ni, ẹ kò ní í rí kọjá Bẹẹrẹ. Bí òjò bá tilẹ̀ rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹ má ṣe banú jẹ́. Ìrọ̀lẹ́ tó tẹ̀lé òjò ọ̀sán ni afẹ́fẹ́ máa ń mọ́ jù. Àwòrán tó dára jù tí mo ní nínú iṣẹ́ mi, ẹ̀yìn òjò ni mo ti yà á.

Lórí Layípo, ìwọ̀ oòrùn ni Dùgbẹ̀ wà. Cocoa House yóò wà láàárín yín àti oòrùn, ẹ ó rí i bí òjìji dúdú tó dúró gbọnrangandan. Ìyẹn dára fún fọ́tò, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ya èèyàn síwájú rẹ̀, ojú wọn á dúdú. Bí ẹ bá fẹ́ ya àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjú sí oòrùn, kí ìlú tó wà lápá Àgódì wà lẹ́yìn wọn.

Fún Mọ́kọ́lá: orí òkè tí Premier Hotel wà ni kí ẹ lọ. Ẹ lè ra nǹkan mímu, kí ẹ jókòó, bàbá á sì sinmi. Láti ibẹ̀, Sábó àti Dùgbẹ̀ wà nísàlẹ̀ yín. Ìlú tiwa kì í tan iná bákan náà káàkiri. Àdúgbò kan á mọ́lẹ̀, èyí tó tẹ̀lé e á ṣókùnkùn, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n á tún pààrọ̀. Àwọn kan máa ń kẹ́dùn sí i. Ní tèmi, n kì í kúrò níbẹ̀ bọ̀rọ̀, torí lójú mi, bí ìgbà tí ìlú ń mí ni.

Ọmọ_Aláàfin_Òdodo

Ẹ foríjì mí, ó yẹ kí ẹnì kan sọ èyí. Gbogbo yín ń pè é ní Layípo, ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n kọ sí i ni Bower. 1936 ni wọ́n kọ́ ọ láti fi ṣe ìrántí Kápítẹ́nì Bower, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn, láti 1893 dé 1897. Bower yìí kan náà ló kó ọmọ ogun àti àgbá lọ bá Ọ̀yọ́ ní 1895, tó dáná sun ilé àwọn èèyàn wa láyé Aláàfin Adéyẹmí Kìíní. Agbo ilé tèmi wà lára èyí tó jó. Ìyá bàbá mi ni ìyá rẹ̀ sọ ọ́ fún.

N kò ní kí ẹ má gùn ún. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí àwọn ọmọdé mọ ẹni tí wọ́n kọ́ ọ fún.

Mẹ́sìọ̀gọ̀_Àgbà

Ọmọ Aláàfin, mo gba ọ̀rọ̀ yín tọwọ́ tẹsẹ̀. Òótọ́ ni. Àwọn tó ń bọ̀ wò ó gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ.

Ẹ wá jẹ́ kí n fi èyí kún un, kí Adùnní lè rí méjèèjì sọ fún àwọn ọmọ. Ilẹ̀ tí ilé gogoro náà dúró lé kì í ṣe ti Bower. Òkè Ààrẹ ni. Ààrẹ Látòóṣà ló ni orúkọ yẹn, Kakaǹfò, ẹni tó ṣe olórí Ìbàdàn láti 1871. Òun ló gbé ogun Kírìjí jà. Ojú ogun ló kú sí ní 1885, ọdún kan kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà. Àwọn ará ìlú gbà kí òyìnbó gbé òkúta lé orí òkè náà, wọn kò gbà kó gba orúkọ rẹ̀. Wọ́n ń lọ sí Òkè Ààrẹ, wọ́n ń gun Layípo. Ọmọdé mélòó ní Bẹẹrẹ lónìí ló mọ Bower?

Kí ẹ tún jẹ́ kí wọ́n mọ ìdí tí àwọn baba wa fi tẹ̀dó sáàárín òkè. Ibùdó ogun ni Ìbàdàn ní nǹkan bí 1829. Ẹni tó bá wà lórí òkè á ti rí ọ̀tá kó tó dé odò. Ṣáájú ìyẹn pàápàá, òkè ló gba Lágelú, ẹni tó kọ́kọ́ tẹ Ìbàdàn dó, àti àwọn èèyàn rẹ̀ là nígbà tí wọ́n fọ́ ìlú wọn. Orí òkè ni wọ́n sá sí, èso òro àti ìgbín ni wọ́n jẹ. Ìyẹn ni oríkì wa ṣe ń sọ pé *Ìbàdàn, ọmọ ajòro sùn, ọmọ ajẹ̀gbín yó, ọmọ afìkarahun fọ́rí mu*. Bí àbúrò tó jẹ́ ọmọ ọdún méje bá lè ka oríkì yẹn lórí Layípo, bàbá á gbádùn rẹ̀ ju fọ́tò lọ.

Ìyá_Ẹléwé_ÒkèÀàrẹ

Adùnní, àbúrò mi, àdúgbò wa lẹ ń bọ̀ yìí. Bóyá mo tilẹ̀ mọ agbo ilé yín.

Ẹ kí àwọn èèyàn tí ẹ bá bá níta. Ẹ má kàn gbé fóònù sókè kí ẹ máa ya ilé wọn. Ilé ẹni ni, kì í ṣe ibi ìran. Bí ẹ bá kí wọn, tí bàbá sì sọ pé ọmọ ibẹ̀ ni àwọn, ẹ ó rí i bí wọ́n ṣe máa gbé àga jáde. Kí ẹ mú owó kéékèèké dání, torí ẹni tó ń gba owó ìwọlé lè má ní ṣéńjì.

Aago márùn-ún ààbọ̀ ni kí ẹ ti dé. Ẹni tó bá pẹ́ dé lè bá ilẹ̀kùn ní títì. Kí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì ń rí àtẹ̀gùn dáadáa, kò sí iná tí ẹ lè gbọ́kàn lé nínú rẹ̀. Bí ẹ bá sì wà lókè nígbà tí wọ́n bá pe ìrun Mọ̀gàríbì, ẹ dákẹ́ díẹ̀, kí ẹ fetí sílẹ̀. Mọ́sálásí kan á bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, èkejì á gbè é, títí á fi gba gbogbo àfonífojì náà kan. Krìsẹ́tẹ́nì ni mí, mi ò lè ṣàlàyé fún yín ohun tó máa ń ṣe sí mi lára.

Àkàrà gbígbóná wà nísàlẹ̀, ìyà kò ní jẹ àwọn ọmọ. Ẹni bá fẹ́ àmàlà kó dúró di Mọ́kọ́lá.

Bọ̀dé_Ìbarà

Kí ló dé tí ẹ kò kó wọn lọ sí Abẹ́òkúta? Olúmọ ní ẹ̀rọ agbénilọ sókè fún àwọn àgbà, orúnkún bàbá á sinmi.

Dẹ̀rẹ́bà_Máíkrà

Bọ̀dé, Olúmọ dára, mo ti gbé èrò lọ síbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kúrò ní Bódìjà ní aago mẹ́ta ààbọ̀, ilẹ̀ á ti ń ṣú kí wọ́n tó dé Ìbarà. Ìrìn ọjọ́ kan gbáko nìyẹn. Bàbá náà kò sì sọ pé òkúta ni wọ́n fẹ́ rí. Ilé wọn ni.

Ọmọ_Ògùnpa

Nǹkan kékeré kan péré. Láti orí Layípo, kí ẹ wá ipa odò Ògùnpa láàárín àwọn òrùlé. Ẹ kò ní í rí omi, ojú ọ̀nà tí ó là kọjá ni ẹ máa rí. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò yẹn kún àkúnya, ó gbé ilé, ó gbé mọ́tò, ó gbé ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Omíyalé la ń pè é. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí, ọrùn bàbá mi ni mo wà tí a fi sá gun òkè. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá wà lórí òkè kan ní ìlú yìí, ìsàlẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò.

Bàbá yín ti wà ní Kàdúná nígbà yẹn. Wọ́n lè béèrè.

Adùnní_Yábàá

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ka gbogbo rẹ̀ sókè fún bàbá. Wọ́n gun àtẹ̀gùn ilé wa bí Nọ́ọ̀sì ṣe wí: wọ́n lọ sókè dáadáa, ṣùgbọ́n ògiri ni wọ́n dì mú wá sílẹ̀. Wọn kò sọ ohun kan. Wọ́n kàn jókòó.

Ìbéèrè kan ló kù: bí wọn kò bá lè gùn ún, ṣé kí n tilẹ̀ mú wọn dé ìdí rẹ̀? Ẹ̀rù ń bà mí pé ó lè dùn wọ́n ju kí wọ́n má dé ibẹ̀ lọ.

Nọ́ọ̀sì_Adétutù

Ẹ mú wọn dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn fúnra wọn sọ pé ó tó.

Ìyá_Ẹléwé_ÒkèÀàrẹ

Ẹ mú wọn wá o! Kí ni wọ́n fẹ́ wá ṣe ní Òkè Ààrẹ tí wọn kò ní í dé Òkè Ààrẹ?

Adùnní_Yábàá

A ti padà sí Yábàá. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn, kí ó lè ran ẹlòmíì lọ́wọ́.

Aago mẹ́rin ku díẹ̀ la rí ọkọ̀, a sì ti bá awakọ̀ ná owó tán kí a tó wọlé. Ní Màpó, ìgbéyàwó kún iwájú gbọ̀ngán lóòótọ́, àwọn onílù sì ń lù. A gba ẹ̀gbẹ́ lọ sẹ́yìn. Bàbá dúró, wọ́n fi ọ̀pá wọn na ìlú, wọ́n ń dárúkọ: ibí ni Ìdí Arẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni Kúdẹtì, níbẹ̀ yẹn ni ọ̀rẹ́ mi kan gbé. Nígbà tó yá, wọ́n dákẹ́. Ó tó ogún ìṣẹ́jú tí a fi wà níbẹ̀. Mo ti fẹ́ kán wọn lójú nítorí Bẹẹrẹ, mo wá jẹ́ kó lọ.

Torí ìyẹn, aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú la dé Òkè Ààrẹ. Ẹni tó fẹ́ ṣe irú ìrìn yìí, kó fi wákàtí kan sílẹ̀ fún Màpó bó bá ń mú àgbàlagbà lọ.

Bàbá lọ sí ẹnu ọ̀nà Layípo. Wọ́n gbé ọwọ́ lé ògiri, wọ́n gun àtẹ̀gùn mẹ́rin, wọ́n dúró, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ẹ máa lọ." Arábìnrin kan gbé àga fún wọn gẹ́gẹ́ bí Ìyá Ẹléwé ṣe sọ. Èmi àti àwọn ọmọ gòkè. Àbúrò ka àtẹ̀gùn, ó pé mẹ́tàdínláàádọ́ta.

Nígbà tí a dé òkè, ẹ̀gbọ́n ló ní kí á fi fídíò pe bàbá àgbà. A pè wọ́n. A ń gbé fóònù náà káàkiri, wọ́n ń darí wa láti ìsàlẹ̀: "Ẹ kọjú sí oòrùn. Kí lẹ rí?" Àbúrò ní, "Cocoa House!" Wọ́n ní, "Nígbà tí mo wà níbi tí o wà yẹn, kò tíì ní orí. Ẹ yà sọ́tùn-ún. Ẹ wo òrùlé kan tó gùn, tó tẹ̀ láàárín." A wò ó títí. Òrùlé tó gùn pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n kàn ń sọ pé rárá, kì í ṣe èyí, ẹ sún sísàlẹ̀. Bàbá arúgbó kan tó jókòó tì wọ́n ní ìsàlẹ̀ náà ti dá sí i, àwọn méjèèjì jọ ń darí wa. A kò rí i. Bàbá arúgbó yẹn ló wá sọ fún bàbá mi pé wọ́n ti wó o, pé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ ewé tí àwọn ọmọ ń wò lójú yẹn, orí ilẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ sí. Mo gbọ́ bí bàbá mi ṣe mí kanlẹ̀ nínú fóònù. Wọ́n wá ní, "Ó dáa, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ bó ṣe wà." Mo ti tẹ̀ ẹ́ jáde fún wọn lónìí.

Ìrun pè nígbà tí a wà lókè. Ìyá Ẹléwé, mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ.

Mọ́kọ́lá la ti jókòó gbẹ̀yìn. Orúnkún wọn kò dùn wọ́n. Wọ́n sọ fún àwọn ọmọ nípa Bower àti Látòóṣà, ohun tí n kò mọ̀ pé wọ́n mọ̀, wọ́n ní ìyá wọn àgbà máa ń sọ ọ́. Wọ́n tún béèrè nípa Omíyalé, Ọmọ_Ògùnpa, wọ́n ní kí n kí yín fún ẹ̀mí tí ẹ rí.

Nísinsìnyí wọ́n ní àwọn fẹ́ padà wá fún ọdún Òkè'Bàdàn. Ìgbà wo ni, báwo la ṣe ń ṣe é?

Ìyá_Ẹléwé_ÒkèÀàrẹ

Oṣù Kẹta ló máa ń bọ́ sí, wọ́n á kéde ọjọ́ rẹ̀ bó bá sún mọ́. Abòkè, àwòrò Òkè'Bàdàn, ló ń ṣe ètùtù, irun rẹ̀ ní dídì bíi ti obìnrin. Ẹ má wọlé lọ́jọ́ náà gan-an, ọjà á ti pa, wọn kì í sì í dáná bọ̀rọ̀, àwọn ọmọ á pebi. Ẹ wọlé láti ọjọ́ tó ṣáájú. Kí ẹ sì sọ fún bàbá pé orin èébú ọjọ́ yẹn ṣì le bí àtijọ́, kí wọ́n rò ó dáadáa kí wọ́n tó mú ọmọ ọdún méje dání.